Ológbò Tí Bàbá Ṣí Fáìlì Fún

Bàbá àgbà mi fún ológbò ní kúẹ́rì. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí ṣáájú ohunkóhun mìíràn, nítorí pé lọ́jọ́ tí a sin ín, àwọn ènìyàn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ẹni jẹ́jẹ́ ni, wọ́n ní ẹni ìwà pẹ̀lẹ́ ni, wọ́n ní òpó ìjọ ni, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo tó mẹ́nu ba kúẹ́rì yẹn. Ẹni tí kò bá gbọ́ nípa rẹ̀ kò tíì mọ Bàbá.

Ẹ̀ṣẹ̀ ológbò náà ni pé ó fi èékánná fa ojú ewé kẹrin fáìlì omi ya. Fáìlì omi ni Bàbá ń kọ gbogbo ọjọ́ tí omi ẹ̀rọ bá yọ àti gbogbo ọjọ́ tí kò bá yọ sí nílé wa ní Lokongoma, ní Lokoja, ẹ sì lè fojú inú wo bó ti nípọn tó. Bàbá jókòó sídìí tábìlì, ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó sì kọ ọ́ pé: "Láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, kí o ṣàlàyé ìdí tí a kò fi ní fìyà jẹ ọ́ lórí ìbàjẹ́ tí o ṣe sí ìwé ìjọba." Mo ní, "Bàbá, ìwé ìjọba wo? Ṣebí ilé yín nìyí." Ó ní ìjọba tòun ni, ó sì ní kí n ṣe agbẹjọ́rò fún ológbò. Mo bá kọ èsì pé ọmọdé ni, pé kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ tàdáwà òǹtẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ ìwé. Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "A ti rí àwáwí yìí. Kò tẹ́ wa lọ́rùn. Ẹ kìlọ̀ fún un." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó lu ihò sétí ìwé náà, ó fi í sínú fáìlì, ó sì wò mí, ó pe orúkọ mi. "Dúpẹ́, ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, kò ṣẹlẹ̀."

Iṣẹ́ fáìlì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ìlú wa ní Ìjùmú ló ti kúrò lọ ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìlọrin. Nígbà tí wọ́n wá dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, wọ́n kó òun àti àwọn fáìlì sínú ọkọ̀ ẹrù kan náà, ó di Lokoja. Ó máa ń sọ pé àwọn fáìlì ló jókòó níwájú lọ́dọ̀ dírẹ́bà, pé ẹ̀yìn ni òun wà. Kò di ọ̀gá ńlá rí. Yàrá tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì sí ló ń bójú tó, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ńlá ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìwé yẹn dà?" Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó kó ìwà náà wá sílé. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì, ọmọ-ọmọ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì, iná mànàmáná ní, òrùlé ní. Òun alára ní tirẹ̀, níbi tó ń kọ àìsàn àti oògùn rẹ̀ sí. Ní ọ́fíìsì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ gbogbo rẹ̀. Nílé, ó ní èdè òun ni òun máa fi kọ ọ́, nítorí pé kò sí ọ̀gá kankan tó ń bọ̀ wá kà á.

Fáìlì tèmi wà lára wọn. Mo ti dàgbà tán kí n tó ráyè ṣí i wò. Mo bá káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára mi níbẹ̀, mo bá èsì ìdánwò tí mo rò pé mo ti rí ibi fi pa mọ́, mo sì bá ìwé kékeré kan tí mo kọ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, Bàbá kò jẹ́ kí n jáde lọ ṣeré nínú rẹ̀, mo sì kọ ọ́ pé: "Bàbá burú. Mi ò fẹ́ràn yín mọ́." Mo ti í gba abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Bàbá ti lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó kọ ọjọ́ sí i, ó sì kọ sísàlẹ̀ pé: "A ti rí i. Ẹ fún un ní bísíkíìtì." Mo rántí bísíkíìtì yẹn. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ìwé tí mo kọ ló bí i.

Nígbà tí mo ríṣẹ́ sí ilé ìkàwé yunifásítì tó wà ní Felele, ó wọ aṣọ ìjáde, ó wọ kẹ̀kẹ́ akérò, ó wá wo ibi iṣẹ́ mi. Ó rìn láàárín àwọn pákó ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn wọn. Mo rò pé yóò sọ pé mo wú òun lórí. Ohun tó sọ ni pé, "Fáìlì tí wọ́n lẹ èèpo mọ́ ni gbogbo èyí. Ìwọ náà ti bọ́ sí i."

Bó bá ti jí láàárọ̀, á gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà lọ títí dé ẹnu géètì, á máa kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lọ síbi iṣẹ́. Ó ní ìkíni Ígálà, ó ní ti Ẹ̀bìrà, ó ní ti Haúsá, ó sì ní "Òkun o" fún àwọn ará ilé wa. Bí ẹni tó kí bá wá rò pé ó gbọ́ èdè òun, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, Bàbá á mi orí títí, nígbà tó bá yá á ní, "Ehen, how family?" Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ó ní kì í ṣe ẹ̀tàn. "Ìkíni ni ìdajì èdè. Ìdajì tó kù, ìjà ni wọ́n ń fi í jà."

Òun náà sì mọ ìjà í jà, ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń pè é lẹ́ni jẹ́jẹ́ tàn yín. Ó bá Alhaji tó ni ilé kejì jà nítorí adìẹ. Alhaji, ará Nupe, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìntì bíi tirẹ̀, ń sin adìẹ tí kò mọ̀ pé ògiri ní ìtumọ̀, àwọn adìẹ náà sì ń wá hú ata Bàbá. Odidi ìgbà ọyẹ́ kan ni àwọn àgbà méjì yìí kò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Ìwé ni wọ́n ń kọ síra wọn, èmi ni mo sì ń gbé e lọ tí mò ń gbé e bọ̀, kò sì sí èyí tó mọ iṣẹ́ ìwé kíkọ ju èkejì lọ nínú wọn. Mo sọ fún Bàbá pé kó dárí jì í. Ó ní òun ti dárí jì í tipẹ́. Mo ní kí ló dé tí wọn ò fi sọ̀rọ̀ nígbà náà? Ó ní, "Ó ku lẹ́tà rẹ̀ kan tí mi ò tíì dáhùn."

Ìjà rẹ̀ kejì, ọmọ rẹ̀ ló ń bá a jà á. Àkọ́bí Bàbá ni Màmá Ìlọrin, ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Àbíkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé Ìlọrin ló fìdí kalẹ̀ sí, orúkọ tí gbogbo wa ń pè é nìyẹn. Láti ọjọ́ tí Ìyá, ìyàwó Bàbá, ti kú ló ti fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Nígbàkigbà tó bá wá, fáìlì Bàbá ló máa kọ́kọ́ béèrè kó tó mu omi. Á kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú, á wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á wo oògùn rẹ̀, á máa wá àìsàn kan tó tóbi tó èyí tó lè fi gbé e sínú ọkọ̀. Bàbá á jókòó sí àga rẹ̀, á káwọ́ lẹ́rán. "Àbíkẹ́, mi ò gba tránsífà mọ́ ní ọjọ́ orí yìí."

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí Bàbá ti rí lẹ́yìn tí Ìyá lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní mọ ohun tí ológbò ṣe fún wa. Lọ́jọ́ tí a ti ibi ìsìnkú Ìyá dé, Bàbá mú fáìlì Ìyá, ó kọ ìlà kan sínú rẹ̀, ó fi okùn funfun so ó, ó sì gbé e sórí pákó. Láti ọjọ́ náà, kò ṣí fáìlì kankan mọ́. Omi yọ, kò kọ ọ́. Omi kò yọ, kò kọ ọ́. Kò lọ sẹ́nu géètì mọ́ láàárọ̀. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á ní "o ṣeun", á sì jẹ òkèlè kan tàbí méjì. Oṣù méje gbáko. Ẹ̀rù bà mí. Èmi nìkan ni mò ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí mo bá jẹ́ kí Màmá Ìlọrin gbọ́, á gbé e lọ lọ́jọ́ kejì, mo sì tún mọ̀ pé bí mi ò bá jẹ́ kó gbọ́, bóyá ọwọ́ mi ni Bàbá máa kú sí.

Ọdún náà ni omi yalé. Ní Lokoja, a kì í béèrè irú omi tó yalé. Odò Ọya ti wọ ilé àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀, àwọn ènìyàn ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù wọn jáde sí ojú títì. Mò ń ti Felele bọ̀, kẹ̀kẹ́ kò lè kọjá, mo sọ̀kalẹ̀. Apẹja àgbàlagbà kan ń já ẹrù sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Nínú abọ́ ìfọṣọ kan, ó gbé nǹkan kan tó tóbi bí ẹ̀kúnwọ́ kan dání, tó tutù jìnnìjìnnì, tó ń fi ohùn tó ju ara rẹ̀ lọ ké. Ó ní, "Madam, carry am. Na for top roof I see am. The mama don go." Mo ní mi ò lè gbé e, pé bàbá àgbà mi kì í fẹ́ ológbò nínú ilé. Apẹja náà gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ padà sínú omi.

Bàbá wà lórí àga nígbà tí mo wọlé. Ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà wa ń sọ nípa ológbò. Ó ní, "Nínú ilé mi?" Ohùn rẹ̀ le. Inú mi dùn sí líle yẹn, nítorí mi ò tíì gbọ́ ohun tó le lẹ́nu rẹ̀ láti bí oṣù méje. Mo ní omi ló gbé e dé. Mo ní títí ilẹ̀ máa fi gbẹ ni. Nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ológbò náà bọ́ sílẹ̀, ó rí okùn bàtà Bàbá, ó rọra ba bíi kìnnìún, ó sì fò mọ́ ọn. Ó ṣubú sẹ́yìn. Ó tún fò mọ́ ọn. Bàbá gbé ẹsẹ̀ sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e sókè. Mo rí i pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Gbé fáìlì tuntun kan fún mi."

Mo sáré wọ yàrá, mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sunkún. Mo gbé fáìlì náà jáde. Ó ní oṣù mẹ́fà ni òun fún un gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń dán wò lẹ́nu iṣẹ́, pé bó bá ṣe dáadáa, òun á fìdí rẹ̀ múlẹ̀, bí kò bá sì ṣe dáadáa, yóò lọ. Mo bi í pé orúkọ wo ni ká kọ sí ẹ̀yìn fáìlì. Ó ní, "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. A ò tíì wo ilé. Kọ Àlejò síbẹ̀ ná."

Bí Àlejò ṣe di ọmọ ilé nìyẹn. Kò sí ohun tó mì tí kò fò mọ́: gègé Bàbá, etí aṣọ tábìlì, ìrù ara rẹ̀. Ó sùn sínú fìlà Bàbá títí fìlà fi gba ìrísí rẹ̀. Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ omi, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iná, ó sì padà sẹ́nu géètì láàárọ̀, Àlejò á tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, mo tètè dé láti ibi iṣẹ́, mo bá àgbà tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún tó ń wọ́ okùn fáìlì nílẹ̀ yí tábìlì ká, tí ológbò ń lé e. Nígbà tó rí mi, ó nàró ṣánṣán. "Àyẹ̀wò ni mò ń ṣe fún un," ló wí.

Àlejò ló tún parí ìjà Alhaji. Ó gun òrùlé Alhaji, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bàbá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tiwa, Alhaji dúró sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó pẹ́, Alhaji gbé àkàbà, ó gùn ún fúnra rẹ̀ tòun ti ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó sì na ológbò náà sí Bàbá lórí ògiri. "Baba, your stranger come greet me." Bàbá gbà á. Ó ní, "Haba, Alhaji, nagode. Mo fẹ́ dáhùn lẹ́tà yín lónìí gan-an ni."

Màmá Ìlọrin nìkan ni Àlejò kò rí mú. Bó bá ti dé, láti ẹnu géètì ni yóò ti máa pariwo: "Ẹ lé àlejò yẹn síta fún mi kí n tó wọlé!" A óò sì tì í mọ́ yàrá mi títí yóò fi lọ. Kò fọwọ́ kan ohunkóhun tí ológbò bá ti fọwọ́ kàn. Ó ní lójú òun, ẹran tó ń ríran lókùnkùn kò lè ní ohun rere í ṣe nínú ilé arúgbó.

Ikọ́ Bàbá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Àlejò ti lò tó ọdún kan lọ́dọ̀ wa. Mo kà á lórí fóònù pé irun ológbò lè fa ikọ́, ọkàn mi ò sì balẹ̀ mọ́. Mo sọ fún Bàbá pé ká fi í tọrẹ. Ó ní, "Ikọ́ mi ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú ológbò." Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Mo bi í pẹ̀lú pé oṣù mẹ́fà ti kọjá tipẹ́, ìgbà wo ni ó máa fìdí Àlejò múlẹ̀? Ó ní ìwé rẹ̀ wà lórí tábìlì òun, kí n má kánjú.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni mo gbé ògì lọ fún un, mo bá a lórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, orí rẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Àlejò sì dùbúlẹ̀ sí i láyà. Ológbò náà wò mí, kò dìde. Ara Bàbá ti tutù. Mo pe Màmá Ìlọrin, mo sì ṣe àṣìṣe pé mo sọ gbogbo bí mo ti bá a fún un, títí kan ibi tí ológbò wà. Ó ké. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ó jókòó lé e láyà? Dúpẹ́, ta ló gbé e wọlé?"

A gbé Bàbá lọ sí Ìjùmú, a sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá. Alhaji ló ń bọ́ Àlejò títí a fi dé. Ìbéèrè yẹn kò kúrò létí mi fún gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ta ló gbé e wọlé? Èmi ni. Bí wọ́n ti ń kọrin lẹ́bàá sàréè, ikọ́ Bàbá ni mò ń gbọ́. Ojú ń tì mí láti sunkún níwájú àwọn ènìyàn, nítorí mo rò pé bóyá èmi ni mo pa á.

Nígbà tí a padà sí Lokoja, Màmá Ìlọrin mú mi jókòó. Kò pariwo, èyí ló sì jẹ́ kó burú. Ó ní òun fẹ́ kó gbogbo fáìlì lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n kí òun tó lọ, kí n gbé ológbò náà padà sí etí odò tí mo ti gbé e. "Bàbá fúnra rẹ̀ kò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àlejò ló pè é, Àlejò ló ń jẹ́ títí Bàbá fi kú. Àlejò gbọ́dọ̀ lọ." Ọmọ fáìlì ni òun náà, ó mọ òfin ilé wa.

Lọ́jọ́ Àìkú, a ń di àwọn fáìlì sínú páálí. Ó mú fáìlì omi, ó mú ti iná, ó mú tèmi. Nígbà tó kan ti ológbò, kò mú un. Ó fi igi ìgbálẹ̀ tì í bọ́ sílẹ̀ láti orí pákó, ó gbá a lọ síbi ìdọ̀tí. Mo mú un níbẹ̀, torí mo fẹ́ fi ìwé kúẹ́rì yẹn pa mọ́ fún ara mi. Mo ṣí i. Mo rí ojú ẹsẹ̀ kékeré yẹn nínú tàdáwà. Ṣùgbọ́n ìwé pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ju èyí tí mo mọ̀ lọ. Mo ṣí i dé ibi tí Bàbá ti kọ ojú ewé kẹtàdínlógún, mo kà á. Mo jókòó sílẹ̀.

Ohun tó kọ nìyí:

"Lónìí ni mo lọ sí ilé ìwòsàn. Mo sọ fún Dúpẹ́ pé àyẹ̀wò àwọn tó ti fẹ̀yìntì ni mo lọ ṣe. Irọ́ ni. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, pé ó ti ń rẹ̀ bọ̀ láti ọdún púpọ̀, pé oògùn á ràn án lọ́wọ́ ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ di ọ̀dọ́. Mo bi í bóyá irun ológbò ló fa ikọ́. Ó ní rárá, ọkàn ló fà á. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Ó wà ní ojú ewé kejìdínlógún.

"Mi ò lè fi èyí sínú fáìlì tèmi, nítorí Àbíkẹ́ máa ń kà á, á sì gbé mi lọ. Inú ilé tí mo bá Ìyá gbé ni mo fẹ́ kú sí. Mi ò sì lè ṣàì kọ ọ́, nítorí ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, kò ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, mo fi í síbi tí kò ní fọwọ́ kàn láéláé. Àbíkẹ́, bí o bá ń ka èyí, o ti fọwọ́ kàn án. O ṣeun, ọmọ mi.

"Kí ẹnikẹ́ni má ṣe di ẹ̀bi ikú mi ru Dúpẹ́ tàbí ológbò rẹ̀. Oṣù méje ni mo fi ń dúró de ikú, kò dé. Ológbò ló dé.

"Mo fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láti òní. Kí ẹ má pè é ní Àlejò mọ́. Mo ti wo ilé. Onílé ni orúkọ rẹ̀.

"Dúpẹ́ ni kó kọ ojú ewé kọkàndínlógún."

Mo ké pe Màmá Ìlọrin. Ó rò pé ejò ni mo rí. Mo na fáìlì náà sí i, ó wò ó, ó wò mí, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń padà. Nígbà tó rí i pé ojú mi ń ṣomi tí ẹnu mi sì ń rẹ́rìn-ín, ó gbà á. Ó kà á lórí ìdúró. Nígbà tó dé ibi tí orúkọ rẹ̀ wà, ó pariwo, "Bàbá yìí! Bàbá yìí mọ̀ mí!" Ẹ̀rín pa á, ó fi ọwọ́ di ìhà, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jókòó tì mí nílẹ̀. Ó ní, "Ǹ bá gbé e lọ lóòótọ́. Ǹ bá sì wọ́ ọ jáde nínú ilé yìí kó tó kú." Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó fi orí lé èjìká mi, ó ní kí n má bínú. Mi ò pa Bàbá. Ó wà lákọsílẹ̀.

Ó nu ojú rẹ̀, ó ní kí n fún òun ní gègé. Sísàlẹ̀ ìwé Bàbá, ó kọ ọ́ pé: "A ti rí i." Ó wá òǹtẹ̀ nínú páálí, ó lù ú mọ́ ọn gbì. Lẹ́yìn náà, a tú gbogbo fáìlì náà jáde, a sì tò wọ́n padà sórí pákó ní àyè wọn.

Ìwé tí ẹ ń kà yìí ni ojú ewé kọkàndínlógún. Ó gùn ju bí Bàbá ì bá ti fẹ́ lọ, mo sì mọ̀ pé ì bá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí n gé e kúrú. Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ fi sí i kí n tó lu ihò sétí rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, Màmá Ìlọrin wá kí mi. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu géètì, mo dìde kíá láti lọ ti ológbò mọ́ yàrá bí ìṣe mi, àfi bí mo ṣe rí i pé ó ti ṣáájú mi dé ẹnu ọ̀nà, ó jókòó síbẹ̀, ó ká ìrù mọ́ ẹsẹ̀. Màmá Ìlọrin dúró. Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó sì ní, "Onílé, o kúulé o. Ṣé kí n wọlé?"